Bí Ara Ọmọdé Ṣe Ń Pín Oúnjẹ Amáradàgbà

Ẹ̀yin abiyamọ àti ẹ̀yin bàbá ọmọ, ọmọ tí ó wọn kílò 3 nígbà tí a bí i sábà máa ń wọn nǹkan bí kílò 9 nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Láti inú ọmú ìyá, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ni èròjà tí ó fi ń dàgbà ti ń wá. Ṣùgbọ́n inú ọmọ ni yóò kọ́kọ́ tú wọn sí ẹyọ-ẹyọ, bí ìgbà tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ bá já. Ẹyọ-ẹyọ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní amino acid. Oríṣi 20 ni ara ń sín pọ̀. 9 nínú wọn ni kò lè dá ṣe, àfi kí wọ́n gba ẹnu wọlé.

Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó ń fi wọ́n ṣe. Ìfun ni ó ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀, nítorí pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni awọ inú rẹ̀ ń bó tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni olùpín: ó ń fi díẹ̀ ṣe èròjà inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sọ èyí tí ó ṣẹ́kù di ohun tí ọmọ yóò tọ̀ dànù. Ọpọlọ kò gbọdọ̀ ṣaláìní, nítorí pé kí ọmọ tó pé ọdún 2, ó ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti àgbàlagbà.

Ẹran apá, itan àti ìdí ọmọ ni àká. Bí oúnjẹ bá ṣọ̀wọ́n, tàbí tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ara yóò máa tú àká yìí láti fi bọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ ìlera fi ń wọn apá ọmọ. Bí apá ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àìjẹunrekánú rẹ̀ ti le.

Ní ọdún 1935, Dókítà Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa kwashiorkor, orúkọ tí àwọn Gã fún àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀. Oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní Ọlọ́runṣògo àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, ògì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́kọ́ jẹ. Àgbàdo kò burú, ṣùgbọ́n ẹyọ méjì, lysine àti tryptophan, kò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá tán, sísín dúró nìyẹn. Ara á fi ìyókù dáná lásán. Ẹ̀wà àti sóyà ní lysine púpọ̀, àgbàdo náà sì ní èyí tí kò pọ̀ nínú ẹ̀wà. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí.

Ọmú nìkan ni kí ẹ fún ọmọ títí di oṣù 6. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún un lọ́mú lọ, kí ẹ sì po ògì kí ó ki, kí ẹ fi ẹ̀wà tàbí sóyà lílọ̀ sè é pọ̀. Sóyà gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, nítorí pé èyí tí kò jinná kì í jẹ́ kí inú ọmọ lè tú u. Ẹyin náà dára. Kò sọ ọmọ kankan di olè rí.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bá wú, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, tí ojú ibẹ̀ sì jin, ẹ má ṣe fi ẹran àti ẹyin rọ ọ́ yó nílé. Ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì ní lè pín wọn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Wàrà tí èròjà yìí kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.