Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tó Ń Pariwo: Ká Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Ká Ra Òmíràn?

Ohun èlò ilé kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí abala ìdílé wa lọ́tẹ̀ yìí, nítorí a ti rí i pé ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Ìyàwó á ní ariwo rẹ̀ ń jí ọmọ lójú oorun, àfi kí wọ́n ra tuntun. Ọkọ á ní owó ilé-ìwé ló wà nílẹ̀, kí wọ́n ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an. Ìpinnu tí a bá ṣe láìmọ ìdí ọ̀rọ̀ máa ń jẹ owó, ó sì lè jẹ àlàáfíà ilé mọ́ ọn.

Níbo ni ariwo náà ti ń wá?

Kì í ṣe gbogbo ariwo ni ti bíárìn. Owó wẹ́wẹ́, ìṣó tàbí irin inú kọ́mú lè bọ́ sínú ẹ̀rọ kí ó sì máa ha á lára. Ẹ̀rọ tí kò dúró déédéé lórí ilẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yóò máa fò bí a kò bá tú àwọn bóòtù tí wọ́n fi dè é lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀.

Ariwo bíárìn yàtọ̀. Ó máa ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fún aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ kó gbogbo aṣọ jáde, kí ẹ fi ọwọ́ yí dúrọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Bí bíárìn bá ti jẹ, ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di etí dúrọ́ọ̀mù mú lókè, kí ẹ gbé e sókè sódò. Bí òun àti ike ńlá tó yí i ká bá jọ ń mì, kò burú. Ṣùgbọ́n bí dúrọ́ọ̀mù nìkan bá ń mì lọ mì bọ̀, bíárìn ti lọ nìyẹn.

Omi ló kọ́kọ́ wọlé

Nínú ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, bíárìn méjì ló sábà máa ń gbé dúrọ́ọ̀mù dúró láti ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fún aṣọ, dúrọ́ọ̀mù lè yí ní ìgbà 1,000 sí 1,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà kan wà níwájú bíárìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìlì, tó ń dènà omi. Bí síìlì bá ti gbó, omi ọṣẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, á fọ gírísì dànù, irin á dógùn-ún, lẹ́yìn náà ni ariwo á wá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pààrọ̀ bíárìn láìpààrọ̀ síìlì kò tíì ṣiṣẹ́ kan. Ẹ̀tẹ̀ ni à á wò ká tó wo làpálàpá.

Ẹ̀yin ará, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà ni ilé wa rí? Ọjọ́ tí ohùn ròkè kọ́ ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí omi ti ń yọ́ wọlé, láti ọjọ́ tí a ti dẹ́kun àdúrà àjùmọ̀gbà, tí ẹnì kan ti ń ná owó láìsọ fún ẹnì kejì.

Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀

Nínú Lúùkù 14:28, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣírò owó rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èkínní, ṣé ike ńlá inú rẹ̀ ṣeé tú? Bóòtù ni wọ́n fi so òmíràn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòde òní ni wọ́n yọ́ lẹ̀ pọ̀. Irú èyí, àfi kí wọ́n fi ayùn là á tàbí kí ẹ ra odindi rẹ̀, owó rẹ̀ a sì máa ga.

Èkejì, báwo ni irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù ṣe rí? Bí omi àti ọṣẹ bá ti jẹ ẹ́, bíárìn tuntun kò ní í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èló ni gbogbo rẹ̀, ohun èlò àti owó iṣẹ́? Bíárìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń jẹ owó jù. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, bíi 6205, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, tí fífẹ̀ òde rẹ̀ láti etí dé etí sì jẹ́ 52. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bíárìn, bóyá ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Géètì n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ títú ló ń gba owó, nítorí gbogbo ẹ̀rọ náà ni wọn yóò tú palẹ̀.

Bí àpapọ̀ owó bá ju ìdajì owó tuntun lọ, tí ẹ̀rọ náà sì ti dàgbà, ó sàn kí ẹ fi owó yín pamọ́ de òmíràn. Bí tòkunbọ̀ bá ni ẹ fẹ́ rà, ẹ fi ọwọ́ yí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ó lè jẹ́ pé bíárìn tó jẹ ló mú kí ẹni àkọ́kọ́ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ má ṣe yá owó èlé nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi í falẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ń mì, ó lè ya rọ́bà ẹnu ọ̀nà, kí omi sì máa kán síbi tí iná wà. Bí ẹ bá ti rí omi lábẹ́ rẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ má lò ó mọ́. Ní àkókò yẹn, kí ọkọ má ṣe jókòó ti ìwé ìròyìn nígbà tí ìyàwó ń fi ọwọ́ fọ aṣọ ènìyàn mẹ́fà. Kí olúkúlùkù ọmọ tó ti gbọ́n fọ tirẹ̀, kí bàbá náà ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Ohun méjì tó kù

Bí arákùnrin kan nínú ìjọ bá bá yín tún un ṣe, ẹ sanwó rẹ̀ pé pérépéré. Léfítíkù 19:13 kò fẹ́ kí owó alágbàṣe sun ọ̀dọ̀ wa di òwúrọ̀, "ará ni wá" kò sì yí i padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta èyí tó bàjẹ́, ẹ sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ̀rí Kristẹni wa wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Kí Olúwa fún tọkọtaya wa ní etí tí yóò gbọ́ ariwo kékeré, àti ọgbọ́n tí yóò wá ibi tí omi ti ń wọlé, kí ilé wa má bàa tú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.