Omi Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Òróró Bergamot: Ife Tíì Méjì

Ní Sekona, lójú ọ̀nà tó so Ẹdẹ mọ́ Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mu tíì ọlọ́sàn kò nílò ju omi gbígbóná, àpò Lipton kan àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan lọ. Yóò rẹ tíì, yóò la ọsàn sí méjì, yóò fún un sí i, ó bùṣe. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ẹni tó bá fẹ́ irú tíì bẹ́ẹ̀ lè má fojú kan ọsàn rárá. Earl Grey ni yóò rà: tíì dúdú tí ilé-iṣẹ́ ti fi òróró èèpo èso bergamot sí lára kó tó wọ páálí. Ewé igi kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, ìdílé ọsàn kan náà sì ni adùn tí wọ́n fi kún un ti wá. Síbẹ̀, bí a bá gbé ife méjèèjì kalẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ hàn. Ìjọra wọn, àfi ká wá a.

Ní ti adùn, ahọ́n ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ti Sekona, nítorí inú ọsàn ni wọ́n ti mú un, omi inú ọsàn wẹ́wẹ́ sì kan gan-an. Imú ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ti Earl Grey, nítorí ara èèpo ni wọ́n ti fún un, òróró èèpo kì í sì í kan, ṣe ló ń ta sánsán. Ẹni tó ń mu ti àkọ́kọ́ á fún ojú pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń mu èkejì á kọ́kọ́ mí símú. Lẹ́yìn tí ará Sekona bá fún ọsàn tán, èèpo ló ń jù nù. Ní Calabria, ní gúúsù Ítálì, níbi tí bergamot ti pọ̀ jù lágbàáyé, èèpo gan-an ni wọ́n ń lé. Omi inú èso náà, tó kan tó sì korò, ni wọn kì í kà sí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí apá kan ń dà nù ni apá kejì ń fowó rà.

Ní ti ìrísí, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá ti kan tíì, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí lójú ẹsẹ̀: pupa tó ṣú tẹ́lẹ̀ á wá mọ́lẹ̀ bí oyin, nítorí kíkan ọsàn ń yí ohun tó ń pa ewé tíì láró padà. Òróró bergamot kò kan, nítorí náà kò fọwọ́ kan àwọ̀ tíì rárá. Ìyàtọ̀ yìí kan náà ló ń pinnu ọ̀rọ̀ mílíìkì. Ẹni tó bá da mílíìkì sínú tíì olómi ọsàn yóò rí i kó dì, kó sì ya kúrò lára omi rẹ̀. Earl Grey gba mílíìkì láìjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ lófìfo.

Ní ti àṣẹ, ẹni tó ń mu tíì ni ọ̀gá ní Sekona. Ó lè fún ìlàjì ọsàn sí i lónìí, kó fún odidi lọ́la. Ti Earl Grey, ẹni tó po ewé àti òróró ní ilé-iṣẹ́ ti parí ọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Òmìnira ni èrè ti àkọ́kọ́. Àìyẹsẹ̀ ni èrè ti èkejì. Ọ̀tá àwọn méjèèjì náà yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀tá ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí ìgbà náà ló ń wọ́n lọ́jà, tí omi inú rẹ̀ sì ń kéré. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá Earl Grey, nítorí bí páálí bá ti wà ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́, òórùn rẹ̀ á fò lọ.

Ní ti ìran, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà ni tíì Sekona jókòó lé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ egbò àti èèpo igi fún àgbo, torí náà fífún un sínú ewé àjòjì kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Earl Grey jókòó lé iṣẹ́ àwọn onílọ́fíńdà. Bergamot wà nínú lọ́fíńdà tí Johann Maria Farina tà ní ìlú Cologne ní Jámánì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, lọ́fíńdà ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú òróró náà títí dòní.

Ní ti orúkọ, kò sẹ́ni tó ni tíì Sekona. Earl Grey ń jẹ́ orúkọ Charles Grey, olórí ìjọba Bìrìtìkó láti 1830 sí 1834, ẹni tí òfin 1833 tó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ abẹ́ Bìrìtìkó jáde ní ìgbà rẹ̀. Ìtàn pọ̀ nípa bí tíì náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó gbe èyíkéyìí nínú wọn. Ó kú ní 1845. Ìpolówó tíì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ títí di nǹkan bí 1880 sókè.

Ẹni tó bá torí èyí pe ọ̀kan ní tilé, kó pe èkejì ní ti àjò, kó rọra. Ṣáínà àti àwọn ilẹ̀ agbègbè rẹ̀ ni ewé tíì ti wá, Éṣíà náà sì ni ọsàn wẹ́wẹ́ ti ṣẹ̀. Lónìí, wọ́n ń gbin tíì ní òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba. Wọ́n sì ń gbin bergamot ní Côte d'Ivoire, wọ́n ń fún òróró rẹ̀ tà. Àwọn tó ń ṣèwádìí tíì fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà wà ní CRIN, àwọn tó ń ṣèwádìí ọsàn wà ní NIHORT, Ìbàdàn sì ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì fìdí kalẹ̀ sí.

Ní ti ara, tíì dúdú máa ń dí èròjà irin inú oúnjẹ lọ́wọ́ láti wọnú ẹ̀jẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní fítámìn C, tó ń dín ìdíwọ́ náà kù. Òróró bergamot kò ní in. Ti àṣejù ńkọ́? Ní 2002, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, ròyìn ọkùnrin kan ní Austria tó ń mu Earl Grey tó lítà mẹ́rin lójúmọ́, tí iṣan ara rẹ̀ ń fà á. Nígbà tó padà sí tíì lásán, ó rọ̀ ọ́. Bergapten tó wà nínú òróró bergamot ni wọ́n di ẹ̀bi náà rù. Ṣùgbọ́n bergapten yìí wà lára èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ náà: òun wà lára ohun tó ń mú kí ọwọ́ ẹni tó fún ọsàn nínú oòrùn léròrò nígbà mìíràn, kó sì dúdú.

Ibi tí ìjọra wọn ti jinlẹ̀ jù ni ti ẹbí. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ìran àwọn ọsàn wò rí i pé èso kan tó ń jẹ́ citron ni bàbá ọsàn wẹ́wẹ́, òun náà sì ni bàbá lẹ́mọ́ọ̀nù, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ọbàkan ni wọ́n. Lẹ́mọ́ọ̀nù yìí àti ọsàn kíkan ló sì bí bergamot. Nípa bẹ́ẹ̀, citron tó jẹ́ bàbá fún ti Sekona ni bàbá àgbà fún ti Lọ́ńdọ̀nù.

Èwo la ó wá yàn? Tíì tó ti pẹ́ nínú omi, tó sì ti ń korò, omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ ló lè tún un ṣe. Òórùn kò lè bo ìkorò yẹn. Tíì tó fúyẹ́, tí ènìyàn fẹ́ rọra mu pẹ̀lú mílíìkì, Earl Grey ló bá a mu. Omi ọsàn á bà á jẹ́ ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí apá kejì ń rí, kó fọ ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó bó èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, kó jù ú sínú tíì kó tó fún omi rẹ̀ sí i. Kò ní di Earl Grey, nítorí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ mú ju ti bergamot lọ. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń fowó ra èèpo.