Ewé, àdí àti abẹ́rẹ́: bí a ṣe lè tọ́jú ajá wa nílé

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ láti di olùkọ́ bá lọ ṣe ìdánrawò ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń gbé padà wá bá wa. Bí ajá bá gé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ, tí àwọn òbí ọmọ náà sì ní ewé tó ń wò ó sàn wà nílé, kí ni kí olùkọ́ ṣe? Kò ṣe é dáhùn ní gbólóhùn kan, nítorí pé ewé ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí kò ti ṣiṣẹ́ ni ikú wà. Ohun tí a fẹ́ ṣe lónìí ni láti ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ má rò pé àwa wà lára àwọn tó ń fi ojú tín-ín-rín àgbo. Ajá ti ń bá wa gbé kí dókítà ẹran kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Ọdẹ ń lò ó, àgbẹ̀ ń lò ó, ẹni tó ń bọ Ògún náà mọ ipò rẹ̀. Ìmọ̀ ewé tí àwọn bàbá wa ní pọ̀ débi pé ọmọ Faransé kan, Pierre Verger, tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu, tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó o jọ sínú ìwé ńlá kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Ewé, tó jáde ní 1995. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ewé kan dára, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí a mọ ohun tó dára fún, iye tí a ó lò, àti ara tí a ó lò ó sí, ọ̀tọ̀ ni. Ara ajá kì í ṣe ara ènìyàn.

Kí a tó já ewé kankan, èyí tó pọ̀ jù nínú ìlera ajá wà nínú abọ́ rẹ̀ àti níbi tó ń sùn sí. Àkàsà lásán láàárọ̀, àkàsà lásán lálẹ́, kò lè gbé ajá ró. Ẹ fi orí ẹja kún un, tàbí ẹyin, tàbí ẹran díẹ̀. Egungun adìẹ tí a ti sè ni kí ẹ má fún un, torí pé ó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Omi tútù ńkọ́? Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bí tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹni tó bá so ajá mọ́lẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta láìsí omi àti ibòji, kò sí àgbo tó lè bá a tún un ṣe.

Eégbọn wá ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń mu, ó tún máa ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bí ẹ bá rí ajá tí kò jẹun mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun dípò pupa, eégbọn lè ti ṣe iṣẹ́ burúkú síbẹ̀, dókítà ẹran ló kàn. Kó tó débẹ̀, ọwọ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀mú di eégbọn mú ní ẹ̀bá awọ ara gan-an, ẹ fà á jáde lọ́gbọọrọ, ẹ jù ú sínú omi ọṣẹ. Ẹ má fi iná sun ún lára ajá, ẹ má sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ fọ́. Omi ewé dóńgóyárò tí a sè, tí a jẹ́ kó tutù, tí a fi wẹ ajá tó ti dàgbà, máa ń lé eégbọn sá díẹ̀. A ní díẹ̀ o. Kì í pa gbogbo wọn, kì í sì pẹ́ lára. Ẹ má fún ajá mu, ẹ má fi wẹ ọmọ ajá. Kí ẹ gbá ibi tó ń sùn, kí ẹ sá ẹní rẹ̀ sóòrùn, ìyẹn gan-an wúlò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Ní ti èkúrú, ìyẹn ara yíyún tí ń jẹ́ kí irun ajá máa re tí awọ rẹ̀ sì ń le bí èèpo igi, àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Imí ọjọ́ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò mọ́ àdí, tí wọ́n fi pa á, kì í ṣe àròsọ. Imí ọjọ́ ń pa kòkòrò tó ń fa èkúrú, àwọn dókítà ẹran pàápàá ṣì ń lo oògùn tí wọ́n fi imí ọjọ́ ṣe. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ajá náà lá a, kí ẹ sì tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí pé ẹyin kòkòrò náà máa ń pa lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tí ń bà wá nínú jẹ́ ni epo ẹ̀ńjìnnì àlòkù, epo dúdú tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ohun àdáyébá rárá, síbẹ̀ wọ́n máa ń kà á mọ́ oògùn ìbílẹ̀. Ó ń jó awọ ara, ajá á sì lá a, májèlé inú rẹ̀ á wọ inú lọ.

Aràn náà ní tirẹ̀. Ní 2007, ìwádìí kan jáde láti Nàìjíríà lórí hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ. Wọ́n fún ọmọdé 30 tó ní aràn ní hóró náà tí wọ́n pò mọ́ oyin, wọ́n fún 30 mìíràn ní oyin nìkan. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, aràn ti kúrò nínú ìgbẹ́ ọmọ 23 nínú àwọn ti àkọ́kọ́, àti ọmọ 5 péré nínú àwọn kejì. Ó wú wa lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ 7 ṣì ní aràn, ọmọ ènìyàn sì ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ajá. Ọmọ ajá máa ń gba aràn láti inú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, àti nínú ọmú, débi pé láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti yẹ kó máa lo oògùn aràn. Ẹyin aràn yìí ń bọ́ sínú iyanrìn tí àwọn ọmọ wa ń ṣeré lórí rẹ̀, ó sì lè dé ojú ọmọ. Oògùn dókítà ẹran la fara mọ́ níbí.

Àwọn kan tún ń fi áyù lé aràn ajá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Áyù àti àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ohun tí àwa fi ń se ọbẹ̀ lè pa á díẹ̀díẹ̀. Ṣokoláàtì náà ń ṣe é ní jàǹbá, bẹ́ẹ̀ ni parasẹtamọ́ọ̀lù. Bí ajá bá sì jẹ májèlé, gbogbo ilé á sáré gbé epo pupa, wọ́n á rọ ọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun. Epo lè gba ibi mímí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ajá tí ì bá yè á sì kú. Oògùn kòkòrò oko mìíràn wà tó jẹ́ pé epo gan-an ló máa ń mú un wọ ara kíákíá. Ẹ mú páálí tàbí ìgò májèlé náà dání, kí ẹ gbé ajá lọ bá vétérinaire.

Ó wá ku dìgbòlugi, tí wọ́n ń pè ní la rage ní Faransé. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi gbà tọkàntọkàn pé ewé ń wò ó? Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Ìdí kìíní ni pé ọ̀pọ̀ ajá tó ń gé ènìyàn jẹ kò ní dìgbòlugi lára. Ìdí kejì ni pé bí ajá náà bá tilẹ̀ ní in, kì í ṣe gbogbo ẹni tó gé jẹ ló ń kó o. Ìdí kẹta ló burú jù: kòkòrò àrùn yìí kì í gba inú ẹ̀jẹ̀, iṣan ló ń bá rìn díẹ̀díẹ̀ títí dé ọpọlọ. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà, ó lè yá jù bẹ́ẹ̀, ó lè pẹ́ tó ọdún kan. Nítorí náà, onísègùn á fi ewé sí ojú egbò, egbò á san, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sanwó. Bí ọmọ náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ta ni yóò rántí ajá? Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ọjọ́ tí àmì bá sì ti hàn, kò sí ewé, kò sí òkúta dúdú, kò sí irun ajá tí a sun tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí a jẹ, kò sí oògùn òyìnbó pàápàá, tó ń gba ènìyàn sílẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, fojú bù ú pé ènìyàn bí 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún, ní Áfríkà àti Éṣíà jù lọ, ajá ló sì fa èyí tó tó 99 nínú 100. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15. Àwọn ọmọ tó ń jókòó níwájú wa ní kíláàsì nìyẹn.

Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé oògùn àkọ́kọ́ wà ní gbogbo ilé: ọṣẹ àti omi. Ọ̀rá ló bo kòkòrò yìí lára, ọṣẹ sì ń yọ́ ọ̀rá, ìdí nìyẹn tó fi ń pa á. Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ẹ wo aago. Ṣódábì kò lè rọ́pò ọṣẹ. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi ewé dí i. Lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ kan kò tó. Gbogbo ọjọ́ tí dókítà bá kọ sínú kàné ni kí ẹ padà wá. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe tuntun: ní 1885 ni Louis Pasteur ti kọ́kọ́ fi gba ọmọ ọdún 9 kan, Joseph Meister, tí ajá gé jẹ.

Ajá tó gé ènìyàn jẹ ńkọ́? Ẹ má sáré pa á. Bí ẹ bá lè sé e mọ́ láìfara kàn án, dókítà ẹran yóò máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bó bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ sì dá lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò lè jẹ́ pé ó fi dìgbòlugi ran ẹni tó gé jẹ lọ́jọ́ náà, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Bó bá kú ńkọ́? Ẹ má pa ẹran rẹ̀ jẹ, ẹ má gé orí rẹ̀ fúnra yín. Itọ́ rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ ni àrùn wà, ẹni tó ń kun ún lè kó o láti ojú egbò kékeré ní ọwọ́. Ẹ pe vétérinaire kọ́múùnù yín kó wá gbé e.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ajá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà bí kàné rẹ̀ bá ṣe wí. Bí ajá 70 nínú 100 ní ìlú kan bá ti gbà á, àrùn náà kì í rọ́nà kọjá mọ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n sì máa ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú ní àkókò náà. Ẹ béèrè ní kọ́múùnù yín láti oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọṣẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù sí ara ògiri kíláàsì.