Ìwé Àkójọ Òwe Tí Kì í Parí

Nínú àpótí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá, ìwé kan wà tí eruku ti bò. Ìwé àkójọ òwe ni, tàbí ti oríkì ìlú, tàbí ti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn alágbẹ̀dẹ. Ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní, pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́ àkọlé. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ìkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó di ìlà mẹ́ta lóṣù. Láti agbedeméjì títí dé ìparí, òfìfo ni. Ọ̀lẹ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pe ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi òru kọ̀wé lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé kò yẹ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti rí gan-an ni ó ń fa ìdádúró yìí. Igba òwe àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Inú olùkójọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàn wá bí omi ìsun. Nígbà tí ti inú bá tán, ó di ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Àgbà lè pa ogún òwe fún un, kí méjìdínlógún ti wà nínú ìwé. (Èyí tí púpọ̀ nínú wọn sì fi ń ṣíde ni pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀.) Ìrìn odidi ọjọ́ kan a wá mú òwe méjì péré wálé. Ọkàn olùkójọ a rẹ̀wẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ sì ni òwe méjì yẹn níye lórí ju igba ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé wọn kò sí lẹ́nu gbogbo ayé.

Ti àmì ohùn tún le ju èyí lọ. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í dúró fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ṣí ìwé, ó bá lẹ́tà mẹ́ta lásán nínú oríkì ìdílé kan: ṣé ọkọ ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀? Ìyá àgbà tí ó ki oríkì náà ti kú. Láti ọjọ́ náà lọ, olùkójọ a máa yẹra fún ìwé rẹ̀ bí ẹni tí ó jẹ gbèsè ti ń yẹra fún olówó.

Ẹlòmíràn a ní òun ń dúró dìgbà tí yóò pé. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ó sì tún un tẹ̀ ní 1852. Lẹ́yìn èyí ó ń kó ọ̀rọ̀ àti òwe jọ níbikíbi tí ìrìn bá gbé e dé, títí dé Rábà lẹ́bàá Odò Ọya. Ní ọdún 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àkójọ nǹkan bí ọdún 11 di eérú, pẹ̀lú apá kan ìtumọ̀ àwọn ìwé Mósè. Ṣùgbọ́n iná kò rí Ìwé sí Àwọn Ará Róòmù jó. Ó ti jáde láti ọdún 1850. Ní wẹ́wẹ́ ni Crowther, Thomas King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbé Bíbélì jáde, kí odidi rẹ̀ tó pé ní 1884.

Samuel Johnson ní tirẹ̀ parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Odidi ìwé náà sọnù ní òkè òkun. Ó kú ní 1901. Àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ wúruwùru ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ. Ìwé náà jáde ní 1921, ọdún kan lẹ́yìn ikú Obadiah alára.

Àádọ́ta òwe àwọn ahunṣọ, tí ó ní àmì ohùn àti orúkọ ẹni tí ó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó ìwé pélébé kan. Bí olùkọ́ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì, ọmọ tí kò bá rí òwe ìyá rẹ̀ níbẹ̀ yóò mú un wá lọ́jọ́ kejì, bóyá pẹ̀lú àríyànjiyàn lórí àmì ohùn.