Rẹ Àtùpà Sílẹ̀ Kí O Lè Ríran

Kò sí iná mànàmáná ní agboolé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ìyá àgbà bá fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo máa ń gbé àtùpà ṣíwájú. Màá gbé e sókè dé iwájú orí mi, nítorí mo gbà pé bí iná bá ṣe ga tó ni yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Kíá ni ìyá àgbà á ti ké mọ́ mi: "Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀! Ojú ara rẹ lò ń tan iná sí, kì í ṣe ọ̀nà." Bí mo bá ti gbé e wá sí ibi orúnkún, òkúta àti gbòǹgbò tó wà nílẹ̀ á yọ kedere, kálukú pẹ̀lú òjìji rẹ̀ lẹ́yìn.

Ohùn yẹn ni mo tún gbọ́ ní ìdájí ọjọ́ kan láàárín Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Àrámọ̀kọ. Ìyàwó mi wà níwájú, àwọn ọmọ ń sùn lẹ́yìn nínú Corolla 2004 tí a ti ń lò tipẹ́. Bí a ṣe yí kọ́nà òkè kan báyìí ni kùrukùru bò wá. Fúù láìtì ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ sáré lọ bá. Ọ̀nà ò là. Ògiri funfun kan ló dìde síwájú ọkọ̀. Mo dá a padà sí dímù, ògiri náà fà sẹ́yìn díẹ̀. "Bàbá Dàpọ̀, ẹ rọra o," ni ìyàwó mi wí. Mo rọra. Kí ni mo tún lè ṣe?

Omi ni kùrukùru. Ẹ̀kán omi ni, tó kéré débi tó fi ń léfòó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú irun orí èèyàn. Bí iná bá bà wọ́n, wọn á fọ́n ọn ká sí gbogbo ọ̀nà, títí kan ibi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìdáná onígi lọ́sàn-án ti rí irú rẹ̀: oòrùn gba ihò páànù wọlé, ó sì dà bí ọ̀pá funfun tó dúró láàárín ilé. Èéfín tí oòrùn tàn sí lára lò ń wò yẹn. Fúù láìtì ń da iná sí ọ̀gangan ibi tí awakọ̀ ń wò, kùrukùru á sì jù ú padà sí i lójú. Bí iná náà bá ṣe lágbára sí i ni ògiri náà á ṣe funfun sí i.

Èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀gì láìtì ni àtùpà ibi orúnkún. Inú bọ́ńpà ló ń gbé. Iná rẹ̀ fẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti òsì, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ sì gé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé e. Nínú òfin ọkọ̀ ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tí Yúróòpù ń lò, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, kò gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ga ju iná dímù ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Iná ń gba abẹ́ ibi tí ojú ń wò kọjá, ó ń bá etí títì àti ilà funfun lọ.

Nígbà tí mo dé ọjà Ládipọ̀ láti rà á, ẹni tó ń tà á fi aláwọ̀ ìyeyè lọ̀ mí, ó ní òun ló ń gún kùrukùru. Òun nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Láti ọdún 1936 ni ìjọba Faransé ti pàṣẹ pé kí iná iwájú ọkọ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ọdún 1993 ni wọ́n tó jáwọ́ níbẹ̀. Ó lè tu ojú lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kùrukùru tóbi púpọ̀ ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà bákan náà ló ṣe ń fọ́n gbogbo àwọ̀ ká. Funfun ni mo rà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ní àyè rẹ̀ nínú bọ́ńpà. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ní òkè òkun ni kò sanwó kún owó, wọ́n sì fi ike dí ihò náà. Ike yẹn ni a yọ. Rìwáyà àkọ́kọ́ tó bá mi ṣe é kàn so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná iwájú ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ike jíjó fi ń rùn nínú ọkọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: gílóòbù kan jẹ́ wáàtì 55, ẹ fi fólìtì 12 pín in, áńpì 4.6 ni. Méjèèjì jẹ́ 9.2, lórí wáyà tó ti ru iná iwájú méjì tẹ́lẹ̀.

Rìwáyà kejì tú gbogbo rẹ̀, ó sì lo rílè. Ọba kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin kó máa pariwo fún ìlú. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí akéde létí, akéde á sì lu agogo káàkiri. Súìsì tí mo ń tẹ̀ ni ọba: iná tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin áńpì ló ń rán sí rílè. Rílè ló ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá tó ń bọ̀ tààrà láti orí bátìrì. Fíúùsì áńpì 15 wà lẹ́bàá bátìrì gan-an, òun ni ẹran ẹbọ: bí wáyà bá bó tó kan irin, òun ni yóò kú kí ọkọ̀ má bàa jóná. Wáyà ilẹ̀ kan irin tí wọ́n ti ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò. Súìsì náà ń jẹ lára iná kékeré ọkọ̀, kí n má bàa gbàgbé rẹ̀ ní títàn mọ́jú.

Lálẹ́, a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ògiri. A fi ẹfun fa ilà kan sára ògiri ní ọ̀gangan gíga iná náà, a fa òmíràn ní íǹṣì 4 sísàlẹ̀ rẹ̀. Ilà ìsàlẹ̀ yẹn ni orí iná gbọ́dọ̀ kàn. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú la ń tan iná sí. Ní Bìrìtìkó, òfin kò gbà kí èèyàn tàn án àfi tí ojú ọ̀nà bá burú gidi, ìyẹn nígbà tí awakọ̀ kò bá lè rí kọjá mítà 100.

A ti padà gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Kùrukùru wà níbẹ̀ bí a ṣe fi í sílẹ̀. Mo pa fúù, mo tan fọ́ọ̀gì, etí títì yọ, koríko yọ, ilà funfun náà sì yọ. Iwájú ò yọ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń rìn kí èèyàn tó pe "Jésù" tán. N kò sì rí tó mítà 50 níwájú. Mo sọ eré wá sílẹ̀ sí 30. Àtùpà ìyá àgbà náà kò fi ibi tí à ń lọ hàn wá rí. Ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ló ń fi hàn, a ò sì sáré jù ú lọ.