Ṣé o mọ̀? Táyà ìgboro kì í wọ omi

Ní pápá ìdíje eré ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí mọ́tò méjì ti ń sá ìdá mẹ́rin máìlì (nǹkan bíi mítà 402), wọ́n máa ń da omi sílẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ní táyà ìdíje pọ́ńbélé á wọ inú rẹ̀, wọ́n á yí táyà lójú kan títí èéfín á fi bo ibẹ̀. Ìran náà dùn-ún wò, àmọ́ kò kan ẹni tó gbé mọ́tò tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ wá. Kó yà fún omi náà ni, torí ihò ojú táyà ìgboro á gbé omi, á sì lọ tú u sórí ìlà gan-an. Bí táyà ìgboro bá sì gbóná jù, ńṣe ló ń yọ̀.

Tó bá kan eré gan-an, ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí awakọ̀ rọra tẹná, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti gbéra. Ìwúwo ọkọ̀ máa ń sún sẹ́yìn nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà fi máa ń jìyà jù.