Ṣé O Mọ̀? Aláboyún, Ṣíkínpọ́ọ̀sì àti Ọjọ́ Tó Yẹ Kí A Máa Kà

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Kútọnu, tó wá lóyún sí Lọ́ńdọ̀nù, lè tètè kó ṣíkínpọ́ọ̀sì (chickenpox) ju aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ? Etí kì í tètè gbà á, nítorí èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé ẹni tó bá ti dàgbà nílé ti fojú winá gbogbo àrùn tó ń sú sí ọmọdé lára. Ṣùgbọ́n bí àrùn yìí ṣe ń rìn nílẹ̀ olóoru yàtọ̀ sí bó ṣe ń rìn nílẹ̀ olótùútù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé ló máa ń mú jù. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe é tán. Nílẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, ọ̀pọ̀ kì í kó o títí wọn yóò fi bàlágà, òmíràn yóò wọlé ọkọ láìtíì rí i rí. Royal College of Obstetricians and Gynaecologists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ó lé ní 90 nínú 100 aláboyún ilẹ̀ náà tó ti ní ààbò lára, ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti ilẹ̀ olóoru ni kí dókítà fura sí jù pé wọ́n lè má ní in.

Nítorí náà, ìwọ tí o wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà, tí ikùn rẹ ti ń yọ, má tíì sọ pé "mo ti ṣe é ní kékeré". Pe màmá rẹ lórí fóònù kí o béèrè. Bí màmá bá sì dáhùn, má fi gbogbo ara gbà á, nítorí èéyi, ara tí ooru mú sú àti ṣíkínpọ́ọ̀sì máa ń dàpọ̀ mọ́ra wọn lọ́kàn ẹni tó tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ ni kì í parọ́. Àyẹ̀wò kan wà tó ń wá èròjà agbógun-tàrùn tí ara ń pèsè sí ṣíkínpọ́ọ̀sì. Bó bá wà lẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ, fọkàn balẹ̀. Bí kò bá sí, iṣẹ́ wà.

Ṣé o mọ̀ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè má tún gba ẹ̀jẹ̀ tuntun lára rẹ láti ṣe àyẹ̀wò yìí? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà nígbà tí o kọ́kọ́ forúkọ oyún sílẹ̀ ṣì máa ń wà nípamọ́ nílé àyẹ̀wò. Wọ́n kàn lè lọ gbé e jáde. Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ yẹn tilẹ̀ sàn, nítorí wọ́n ti gbà á kí ìwọ àti aláàrùn tó pàdé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń tan àrùn náà kálẹ̀ lè má tíì ní ẹyọ ìléròrò kan lára? Ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara tó sú ni èémí rẹ̀ ti ń gbé kòkòrò náà káàkiri, kò sì ní í ṣíwọ́ títí gbogbo ìléròrò yóò fi gbẹ tí yóò di èépá. Nígbà tí ìyá ọmọ kan bá sọ fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ara ọmọ mi sú láàárọ̀ yìí," tó sì jẹ́ pé àná lẹ jọ jókòó níbi àríyá, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ìṣẹ́jú 15 nínú yàrá kan náà sí ìpàdé tó lè ràn, ó sì ka ìfojúkojú sí i láìwo aago. Nínú ilé ni ó burú jù: bí ọmọ bá gbé e dé láti jẹ́lé-ó-sinmi, tí ẹni tí kò ní ààbò wà nínú ilé náà, àfàìmọ̀ kó máà ràn án. Ẹran kò sì lọ́wọ́ sí i o. Ènìyàn nìkan ni kòkòrò yìí ń gbé inú rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ dárúkọ adìẹ, adìẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ ìpàdé dé ọjọ́ tí ara yóò sú, ọjọ́ 10 sí 21 ni. Fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ ni wọ́n kọ́ lé àlàfo ọjọ́ wọ̀nyí.

Ṣé o mọ̀ pé ìyá gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn náà ń dẹ́rù bà, kì í ṣe ọmọ? Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni, "Ọmọ inú ń kọ́?" Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó gbé ọmọ. Ohun tó ń yún ọmọ ọdún mẹ́rin lára fún ọ̀sẹ̀ kan lè wọ àgbàlagbà ní ẹ̀dọ̀fóró kó di òtútù àyà. Bí oyún bá ti tó oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ikùn ti ń ti àyà sókè, èémí kò já gaara mọ́. Bí òtútù àyà bá tún kún un, ó lè la ẹ̀mí lọ. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ń mu sìgá. Aláboyún tí ara rẹ̀ sú, tó tún ń wú ikọ́, tí èémí ń ká a lọ́rùn, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tó sì ń bì, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀la.

Ọmọ wá ń kọ́? Ní 1947, àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì, LaForet àti Lynch, ròyìn ọmọ kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù oríṣiríṣi lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì nínú oyún. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn abiyamọ, ẹ̀rù tí kò níye, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí ewu náà ṣe tó. Ní 1994 ni Gisela Enders ní Jámánì, Elizabeth Miller nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn akẹgbẹ́ wọn tó fún wa níye. Aláboyún 1,373 tó ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ̀ lé títí wọ́n fi bímọ. Ọmọ 9 péré ló ní àbùkù tí àrùn náà ń fà: àpá lára, apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò dàgbà tó èkejì, ojú tí kò pé. Gbogbo 9 ló jẹ́ pé ìyá wọn kó o kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 20.

Ṣé o mọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwádìí yẹn? Gbogbo wa la mọ̀ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni oyún ẹlẹgẹ́ jù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, nǹkan bí ọmọ 4 nínú 1,000 ló kàn. Láti ọ̀sẹ̀ 13 dé 20, ó fò sókè dé 2 nínú 100. Ohun tí àwọn onímọ̀ rò nípa bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọlẹ̀ kò tíì lágbára láti sé kòkòrò náà mọ́ inú iṣan, kòkòrò á wá máa sọ jáde léraléra, á máa ba iṣan jẹ́ àti ohun tí iṣan náà ń bọ́. Abájọ tí àpá náà fi máa ń tọ ipa iṣan kan ṣoṣo lára ọmọ. Nítorí èyí, dókítà á ní kí aláboyún tó kó o padà wá fún àwòrán inú, ó kéré tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí wọ́n wo ọwọ́, ẹsẹ̀ àti orí ọmọ dáadáa. Ní ti ẹni tó bá ń ka 2 nínú 100 yẹn pẹ̀lú ìbẹ̀rù: 98 nínú 100 kò rí bẹ́ẹ̀.

Ewu ọmọ tún padà lẹ́nu ìbí. Bí ara ìyá bá sú láàárín ọjọ́ márùn-ún kí ó tó bímọ sí ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ lè gba kòkòrò àrùn lára ìyá, ṣùgbọ́n èròjà agbógun-tàrùn kò tíì ráyè gba inú ibi ọmọ kọjá sí i. Ogun dé, ọmọ ogun kò tíì dé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ ààbò kíákíá, àwọn mìíràn á sì gba oògùn pẹ̀lú. Bí ìrọbí kò bá tíì dé, dókítà á gbìyànjú láti jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá. Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ: nínú ọ̀ràn yìí, ọjọ́ méje ló lè sọ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé bó ti wù kó pẹ́ tó, kòkòrò náà kì í kúrò lára ẹni tó ti ṣe é? Inú gbòǹgbò iṣan lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń sùn sí. Bí ọjọ́ ogbó bá dé, tàbí tí agbára ara bá rẹlẹ̀, ó lè jí, kó sú ní ìlà kan ṣoṣo lápá kan ara pẹ̀lú ìrora tó ń ta bí iná. Shingles ni wọ́n ń pè é. Thomas Weller, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954 fún iṣẹ́ lórí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ló rí kòkòrò náà tọ́ nílé àyẹ̀wò, tó sì fi hàn pé kòkòrò kan náà ló ń fa àrùn méjèèjì. Bí bàbá àgbà bá ní shingles, aláboyún tí kò ní ààbò lè kó ṣíkínpọ́ọ̀sì lára ìléròrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláboyún fúnra rẹ̀ bá ní shingles, kò séwu fún ọmọ inú rẹ̀: nínú 366 irú wọn tí Enders tẹ̀ lé, kò sí ọmọ kan tó ní àbùkù àrùn náà, nítorí ìyá ti ní èròjà agbógun-tàrùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti oògùn, ibí yìí ni ó ti dùn mọ́ mi jù. Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ ló ń jí oògùn tó ń pa á? Aciclovir ni orúkọ rẹ̀. Bó ti wọ ara, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan fún ibi tí kòkòrò kò sí. Kìkì ibi tí kòkòrò bá ti wọ̀ ni èròjà kan tí kòkòrò gbé wá yóò ti yí oògùn padà di ohun ìjà. Oògùn á wá dí iṣẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò níbi tó ti ń ṣẹ̀dà ara rẹ̀. Ó dà bí olè tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọlọ́pàá. Gertrude Elion ló ṣáájú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ní iléeṣẹ́ Burroughs Wellcome ní Amẹ́ríkà. Kò parí ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, síbẹ̀ ó gba Nobel ní 1988.

Oògùn yìí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún aláboyún tí kò ní ààbò tó sì ti pàdé aláàrùn, kó tó sú rárá. Kì í ṣe lọ́jọ́ ìpàdé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ o: ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni wọ́n ń lò ó, nítorí ìgbà náà ni kòkòrò ń múra àtijáde. Amẹ́ríkà ń lo abẹ́rẹ́ VariZIG, ààbò àyálò tí wọ́n yọ lára ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti ní èròjà agbógun-tàrùn púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín ọjọ́ 10. Bí ara bá ti wá sú, láàárín wákàtí 24 ló dára kí aciclovir bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé "jẹ́ ká máa wò ó ná" ti jẹ ọ́ ní ọjọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àìsàn ọmọ kan ló bí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀? Ní 1964, Michiaki Takahashi, dókítà ará Japan, wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Houston nígbà tí ṣíkínpọ́ọ̀sì dá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gúnlẹ̀. Ó padà sí Japan, ó gba kòkòrò náà lára ọmọdé kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Oka, ó sì tọ́ ọ títí ó fi di aláìlágbára. Ní 1974 ni ó ròyìn iṣẹ́ náà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1995, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi kún abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn ọmọdé ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2026. Ní Nàìjíríà, kò sí lára èyí tí ìjọba ń fún gbogbo ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìwòsàn aládàáni ni ẹni tó lówó ti ń rà á. Nítorí pé kòkòrò alààyè ni, aláboyún kì í gbà á. Gbà á kí o tó lóyún, kí o sì dúró fún oṣù kan. Tàbí gbà á lẹ́yìn ìbímọ, ọmú ọmọ kò dí i lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ṣíkínpọ́ọ̀sì ti tan àwọn tó mọṣẹ́ jẹ? Ali Maow Maalin, ọmọ Somalia tó ní àrùn ìgbóná (smallpox) kẹ́yìn nílé ayé láìjẹ́ pé ilé àyẹ̀wò ló ti wá, wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un ní 1977 pé ibà ni, lẹ́yìn náà wọ́n ní ṣíkínpọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mpox, àrùn mìíràn tó ń sú síni lára, tún padà wọ Nàìjíríà ní 2017, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rò pé wọ́n ní in, ṣíkínpọ́ọ̀sì ló ń ṣe wọ́n. Ìléròrò ti ṣíkínpọ́ọ̀sì máa ń pọ̀ láyà àti lẹ́yìn, tuntun àti èyí tó ti gbẹ á sì wà pa pọ̀. Ti mpox sábà máa ń dọ́gba, ó sì fẹ́ràn àtẹ́lẹwọ́. Àyẹ̀wò ni yóò parí ẹjọ́, kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ lórí WhatsApp.

Bí o bá lóyún tí o sì ti pàdé ẹni tí ara rẹ̀ sú, tí ibà bá mú ọ, má lo ibuprofen tàbí aspirin fún un. Má sì wọ gbọ̀ngàn ibi ìtọ́jú aláboyún lọ jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Fóònù ni kí o fi ṣáájú, kí o sọ fún agbẹ̀bí ọ̀sẹ̀ tí oyún rẹ wà, ọjọ́ tí o pàdé aláàrùn náà, àti bóyá o ti ṣe é rí. Pè é lónìí. Má dúró de ìgbà tí ara yóò sú.